Èèrà Kún Inú Ihò Tí Mo Fẹ́ Gbin Igi Sí, Kí Ni Kí N Ṣe?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi mí jù tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á ra igi máńgòrò tàbí igi ọsàn, á gbẹ́ ihò, á bá èèrà rẹpẹtẹ nínú ẹ̀, àyà ẹ̀ á já, ó di kó sáré lọ ra oògùn. Ẹlòmíì ti gbin tiẹ̀ tán, nígbà tó yá igi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, ó bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ẹ̀, ó rí èèrà, ó ní èèrà ló pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí kẹ́ ẹ tó da ohunkóhun sínú ilẹ̀ o. Nínú ọgbà ilé tiwa níbí, èèrà fúnra ẹ̀ kì í sábà pa igi. Kòkòrò tó sábà ń pa igi tuntun ni ikán, lẹ́yìn ìyẹn àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń fa omi ara igi, tí èèrà ń ṣọ́. Èèyàn tó bá ń bá èèrà jà nígbà tó jẹ́ pé ikán ló wà nídìí igi ẹ̀, owó oògùn á lọ, igi náà á sì lọ.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó wà nílẹ̀ yín

Ẹ mú ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ lóṣòó síbi ihò yẹn, ẹ wò ó dáadáa. Tójú ò bá ríran tó, ẹ fi fóònù yín ya fọ́tò ẹ̀ kẹ́ ẹ wá fẹ̀ ẹ́.

- Ikán: ara ẹ̀ funfun tàbí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó rọ̀, àyà àti ikùn ẹ̀ so pọ̀ gbọọrọ, kò ní ìbàdí. Kì í fẹ́ rí oòrùn. Tẹ́ ẹ bá hú ilẹ̀ kàn án, kíá ló máa wá ọ̀nà wọlẹ̀ padà. Ibi tó bá ń gbà lórí igi tàbí lára ògiri, amọ̀ ló máa fi bo ojú ọ̀nà náà.
- Èèrà kéékèèké, dúdú tàbí pupa: ìbàdí ẹ̀ tín-ín-rín gan-an, ó ń rìn ní gbangba lórí ìlà, ó fẹ́ràn ṣúgà, ó fẹ́ràn epo.
- Tanpẹ́pẹ́: ẹ ò nílò fọ́tò láti mọ ìyẹn, ẹsẹ̀ yín á sọ fún yín.
- Ìjàlọ: wọ́n máa ń tò lọ ní ọ̀wọ́ gígùn, àwọn olórí ńlá á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n á la ẹnu sílẹ̀. Ìrìnàjò ni wọ́n wà, wọn ò wá torí igi yín.
- Èèrà pupa orí igi: èyí tó máa ń fa ewé pọ̀ tí á lẹ̀ ẹ́ mọ́ra láti fi kọ́lé sórí máńgòrò, ọsàn tàbí kajú. Kì í gbé inú ilẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ikán lẹ rí, ẹ kà á dé apá tí mo ti sọ̀rọ̀ ikán kẹ́ ẹ tó gbin nǹkan kan. Tó bá jẹ́ èèrà kéékèèké, ẹ ò ní wàhálà púpọ̀, ẹ máa bọ̀.

## Iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa ṣe kẹ́ ẹ tó gbin igi

Ibí yìí ni iṣẹ́ gan-an wà. Ohun tẹ́ ẹ bá fo níbí, ẹ máa padà wá ṣe é nígbà tí gbòǹgbò ti wà nílẹ̀, tí ọwọ́ yín ò ní gba púpọ̀ mọ́.

1. Ẹ yẹ ilẹ̀ wò. Ẹ rìn yíká ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbin igi sí. Ṣé òkìtì ikán wà nítòsí? Ṣé kùkùté igi àtijọ́ wà nísàlẹ̀? Àwọn tó ń gbé àwọn ẹ́sítéètì tuntun, ọ̀rọ̀ tiyín le díẹ̀ o, torí àwọn káfíńtà tó ṣe iṣẹ́ dẹ́kìn sábà máa ń fi àwọn pákó àjákù sílẹ̀, àwọn bíríkìlà á wá kó ilẹ̀ bò ó, pákó yẹn á jẹra síbẹ̀, ikán á sì fi ṣe ìyàrá oúnjẹ. Orí ẹ̀ lẹ máa wá gbin igi yín sí. Ẹ fi irin tàbí ọkọ́ gún ilẹ̀ wò káàkiri, ẹ hú gbogbo pákó, bébà ìdì sìmẹ́ńtì àti gbòǹgbò òkú jáde, ẹ gbé e jìnnà.

2. Ẹ gbẹ́ ihò sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹsẹ̀ bàtà 2 ní fífẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 2 ní jíjìn, ó tó fún ọ̀pọ̀ igi eléso. Ẹ kó ilẹ̀ dúdú òkè sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ kó ilẹ̀ pupa ìsàlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Èèrà kì í fẹ́ kí wọ́n máa da ilé òun rú, tẹ́ ẹ bá ń fi ọkọ́ rú ilẹ̀ ihò náà lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ mélòó kan, púpọ̀ nínú wọn á kó ẹyin wọn wọ́n á lọ fúnra wọn láìjẹ́ pé ẹ ná kọ́bọ̀. Tí ọmọdé bá wà nílé, ẹ gbé pákó lé ẹnu ihò, kẹ́ ẹ sì gbé e kúrò lẹ́yìn náà, ẹ má fi síbẹ̀ di oúnjẹ ikán.

3. Tí wọn ò bá lọ, ẹ lo omi gbígbóná. Ẹ kọ́kọ́ fi ọkọ́ tú ilé èèrà náà, kí ẹyin funfun wọn hàn síta, kẹ́ ẹ wá rọra da kẹ́tùlù omi híhó méjì tàbí mẹ́ta sí i. Àárọ̀ kùtùkùtù ló dáa jù, ìgbà yẹn gbogbo wọn ṣì wà nílé. Ọjọ́ kejì ẹ tún wò ó, tó bá kù ẹ tún ṣe é. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ o, kì í ṣe sílípáàsì, torí omi híhó àti èèrà tínú ń bí kò ṣeé fi ẹsẹ̀ lásán kò. Àti pé inú ihò tí kò tíì ní igi nìkan lẹ ti lè ṣe èyí. Omi híhó ò mọ̀ pé gbòǹgbò kì í ṣe èèrà.

4. Ẹ yẹ náílọ́nù tí igi wà nínú ẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bá èèrà inú ilẹ̀ jà nígbà tó jẹ́ pé inú náílọ́nù dúdú tí wọ́n rà lẹ́bàá ọ̀nà ni wọ́n ti gbé èèrà wálé. Ẹ tẹ náílọ́nù náà díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wo àwọn ihò omi ìsàlẹ̀ ẹ̀, tí èèrà bá ń jáde, ẹ pọn omi sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ ki náílọ́nù náà bọ̀ ọ́ títí omi á fi bo ilẹ̀ orí ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú 20. Ẹ máa kọ́kọ́ rí omi tó ń hó pòròpòrò, lẹ́yìn náà èèrà á bẹ̀rẹ̀ sí í gun ẹ̀ka igi lọ sókè, wọ́n á gbé ẹyin dání. Ẹ gbọn wọ́n dànù sínú omi. Ẹ gbé e jáde kó ro, ìgbà náà lẹ tó gbìn ín. Ẹ tún yí ewé ẹ̀ wò lẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá rí kòkòrò onírun funfun níbẹ̀, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kó tó wọ ọgbà yín.

5. Ẹ po ilẹ̀ tó dáa. Ilẹ̀ dúdú òkè àti ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹra dáadáa, ó kéré tán kó ti pé oṣù mẹ́ta nílẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù á jó gbòǹgbò. Èérún pákó láti sọ́mìlì, èyí tí wọn kì í sábà fẹ́ gbọ́, má ṣe dà á sínú ihò yẹn, ikán lẹ fi ń pè. Eérú igi, ẹ̀kúnwọ́ méjì ó ti tó, ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ eérú igi tàbí èédú, kì í ṣe eérú táyà tàbí ti náílọ́nù tẹ́ ẹ sun.

6. Ẹ gbìn ín. Ẹ ya náílọ́nù náà kúrò pátápátá, ẹ má jẹ́ kó bá igi wọlẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ dé lára igi nígbà tó wà nínú náílọ́nù, ibẹ̀ náà ni kí ilẹ̀ dé tẹ́ ẹ bá gbìn ín tán. Tẹ́ ẹ bá fi ilẹ̀ bo èèpo igi lọ sókè, ibẹ̀ á máa tutù, á jẹrà, ikán á sì rí ibi tí á ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ igi tí wọ́n lọ́ ni, ìyẹn èyí tí wọ́n so ẹ̀ka igi kan mọ́ ìdí igi míì kí wọ́n lè jọ dàgbà, bí ọsàn tàbí máńgòrò alọ́, ojú ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ gbọ́dọ̀ wà lókè ilẹ̀.

7. Ẹ tẹ ilẹ̀, ẹ bomi. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ yíká kí afẹ́fẹ́ má kù sínú, torí ibi tí ilẹ̀ bá ṣófo ni èèrà ń kọ́lé sí jù. Ẹ da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, bíi lítà 10, sí i díẹ̀díẹ̀. Tí òjò ò bá rọ̀, ẹ tún un ṣe ní ọjọ́ méjì méjì fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta, kẹ́ ẹ tó wá máa fà á sẹ́yìn. Igi tí òùngbẹ ń gbẹ ni ikán máa ń kọ́kọ́ bá jà, èyí tí omi tó lára ẹ̀ máa ń rí ara gbé e dìde.

8. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, àmọ́ kó má kan igi. Ẹ fi àlàfo bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì sílẹ̀ yí ìdí igi ká. Koríko tó bá kan èèpo igi ni ikán àti èèrà ń fi ṣe òrùlé, abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n á ti máa ṣe ohun tó wù wọ́n, ẹ ò ní rí wọn.

## Ẹ má da nǹkan wọ̀nyí sínú ilẹ̀

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ti sọ ọ̀kan nínú wọn fún yín, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ fọkàn tán pàápàá.

Kẹrosíìnì, pẹtiróòlù, ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ti lò. Wọ́n á pa èèrà lóòótọ́, wọ́n á pa gbòǹgbò náà. Ọ́ìlì yìí kì í kúrò nínú ilẹ̀ bọ̀rọ̀, tí kànga bá sì wà ní kọ́ḿpáǹdù, ẹ ti ń da ọ́ìlì sọ́nà omi mímu yín nìyẹn.

Iyọ̀. Iyọ̀ kì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí omi fà, ewé ọsàn àti ti píà á kàn máa gbẹ láti etí wọlé.

Oògùn DDVP, èyí tí wọ́n ń fi pa ẹ̀fọn àti aáyán nínú yàrá. Ẹ gbọ́ o, oògùn yìí le ju bí wọ́n ṣe ń lò ó lọ. NAFDAC ti fòfin de títà àwọn ìgò kéékèèké ẹ̀ láti ọdún 2019 torí àwọn tó ń gbé e mu àti àwọn tó ń lò ó nílòkulò. Ẹ̀yin wá fẹ́ dà á sídìí igi tí ọmọ yín máa ká èso ẹ̀ jẹ, níbi tí adìyẹ ti ń ta ilẹ̀? Kò sì ní bá àwọn èèrà tó wà nísàlẹ̀ jìnnà, àwọn tó wà lókè nìkan ló máa pa, ìyá wọn á tún bí òmíràn.

Omi híhó sídìí igi tó ti wà nílẹ̀. Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo tún un sọ.

## Lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti gbìn ín: èèrà ń gun igi mi lọ sókè

Tẹ́ ẹ bá rí èèrà tó ń tò gun igi lọ, ẹ má kọ́kọ́ wá bí ẹ ṣe máa pa wọ́n. Ẹ tẹ̀ lé wọn lójú. Ibo ni wọ́n ń lọ?

Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ máa bá wọn lẹ́yìn ewé tàbí níbi tí ewé tuntun ti ń yọ, lọ́dọ̀ àwọn kòkòrò kéékèèké tó dúró sójú kan, àwọn míì nínú wọn nírun funfun lára, àwọn míì dúdú tàbí wọ́n rí bí èèpá. Àwọn kòkòrò yìí ń fa omi igi, wọ́n ń yọ omi dídùn kan, omi yẹn ni èèrà ń lá. Nítorí ẹ̀ ni èèrà ṣe ń dà wọ́n bí darandaran ṣe ń da màálù, á lé àwọn kòkòrò rere tó fẹ́ jẹ wọ́n dànù, á tún gbé àwọn ọmọ wọn lọ sórí ewé tuntun. Ibi tí omi dídùn náà bá kán sí lórí ewé, á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, nǹkan dúdú á sì bò ó. Tẹ́ ẹ bá ti rí ewé dúdú báyìí lórí ọsàn tàbí máńgòrò, ẹ yí ewé òkè ẹ̀ wò.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é:

1. Ẹ gé ẹ̀ka tí wọ́n pọ̀ sí jù, ẹ kó o sínú náílọ́nù, ẹ dì í pa. Ẹ má jù ú sábẹ́ igi.
2. Ẹ po omi ọṣẹ. Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, ṣíbí tíì kan sí lítà omi kan. Kì í ṣe ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí a fi ń fọ aṣọ, ìyẹn le jù fún ewé. Ẹ dán an wò lára ewé mélòó kan ná, ẹ dúró di ọjọ́ kejì, tí ewé ò bá jó ẹ wá fín gbogbo ẹ̀.
3. Ẹ fín ẹ̀yìn ewé, ní ìrọ̀lẹ́. Ọṣẹ gbọ́dọ̀ kan kòkòrò náà lára kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ tún un fín lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí méje, ẹ̀ẹ̀mẹta.
4. Ẹ dí ọ̀nà èèrà. Ẹ wé aṣọ tàbí téèpù fẹ̀ẹ̀rẹ̀ mọ́ ara igi ní bí ẹsẹ̀ bàtà kan sókè ilẹ̀, kí ìsàlẹ̀ ẹ̀ mọ́ra dáadáa, kẹ́ ẹ wá fi gírísì kun orí aṣọ yẹn. Ẹ má fi gírísì kan èèpo igi fúnra ẹ̀ o, á dí i.

Nǹkan mẹ́ta ló máa ń mú kí gírísì yìí kùnà. Àkọ́kọ́, igi tí wọ́n fi ti igi kékeré lẹ́yìn: ẹ kun igi eléso ẹ ò kun ọ̀pá tó tì í, èèrà á kàn gba ara ọ̀pá lọ. Ìkejì, koríko gíga tàbí ẹ̀ka tó kan fẹ́ńsì: afárá ni ìyẹn, ẹ gé e. Ìkẹta ni ọyẹ́, eruku á bo ojú gírísì, èèrà á máa rìn kọjá lórí ẹ̀ láìbẹ̀rù, ẹ gbọ́dọ̀ máa nù ún kẹ́ ẹ tún òmíràn kùn. Ẹ máa tú aṣọ náà ní oṣoṣù kó má lọ fún igi tó ń sanra lọ́rùn. Igi tó bá kéré ju àtàǹpàkò lọ, ẹ má wé e rárá, omi ọṣẹ àti ìjẹ tí mo fẹ́ sọ yìí tó o.

Ìjẹ borax (ìyẹ̀fun funfun kan ni borax). Èyí ló ń dé ọ̀dọ̀ ìyá èèrà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Borax ṣíbí tíì kan, ṣúgà ṣíbí ìjẹun márùn-ún, omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ife kan, ẹ rò ó títí á fi yọ́. Ẹ rẹ òwú sínú ẹ̀, ẹ kó òwú náà sínú ike tó ní ìdérí, ẹ dá ihò kéékèèké sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ gbé e sójú ọ̀nà èèrà. Tó bá jẹ́ pé èèrà tiyín ò ka ṣúgà sí, ẹ fi ẹ̀pà lílọ̀ díẹ̀ rọ́pò omi ṣúgà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ wọ́n á pọ̀ sí i, ẹ má bẹ̀rù, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ nìyẹn, wọ́n ń gbé e lọ sílé. Tẹ́ ẹ bá rí òkú èèrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike náà gan-an, borax ti pọ̀ jù, wọ́n ń kú kí wọ́n tó délé, ẹ fi omi ṣúgà là á. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ má dà á sílẹ̀ rárá torí borax púpọ̀ á ba igi jẹ́, kẹ́ ẹ sì gbé e síbi tọ́wọ́ ọmọ, ajá àti adìyẹ ò lè dé.

Ìdí kan tún wà tí mi ò fi fẹ́ kẹ́ ẹ fín oògùn líle sórí máńgòrò. Kòkòrò onírun funfun tó ń dààmú máńgòrò wa, àjèjì ni, ọdún bíi 1981 sí 1982 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Gánà àti Tógò. Ohun tó mú un balẹ̀ ni agbọ́n kékeré kan tí wọ́n kó wá láti Íńdíà, wọ́n tú u sílẹ̀ ní Tógò ní 1987. Agbọ́n yẹn ń yé ẹyin sínú kòkòrò náà, kì í ta èèyàn, ó kéré débi pé ẹ lè máà rí i láyé. Oògùn tẹ́ ẹ bá fín á pa á, kòkòrò funfun á wá padà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

## Tó bá jẹ́ pé ikán ni

Ikán kì í jẹ ewé lójú yín. Ẹ máa kàn rí i pé igi rọ lójijì lẹ́ẹ̀rùn, láàárín November sí March, ẹ fi ọwọ́ kan án, ó ṣubú. Tẹ́ ẹ bá wo ìdí ẹ̀, wọ́n ti bó èèpo ẹ̀ yíká lábẹ́ ilẹ̀.

1. Ẹ máa hú ilẹ̀ ìdí igi díẹ̀, bí ìka méjì ní jíjìn, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nínú ọdún àkọ́kọ́. Tẹ́ ẹ bá rí amọ̀ tútù lára èèpo, ẹ fi ọwọ́ fọ́ ọ kúrò. Ẹ jẹ́ kí adìyẹ wá, tó bá ti rí ikán lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò tún nílò láti pè é mọ́.
2. Ẹ bomi sí i dáadáa. Ẹ gé díẹ̀ nínú ẹ̀ka ẹ̀ tí gbòǹgbò bá ti bàjẹ́, kí èyí tó kù lè bọ́ ọ.
3. Omi dóńgóyárò. Ewé tútù kílò kan, ẹ gún un, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà 5 di ọjọ́ kejì, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ da ọṣẹ olómi díẹ̀ sí i, ẹ dà á yí ìdí igi ká ní ìrọ̀lẹ́. Èso ẹ̀ lágbára ju ewé lọ: gíráàmù 50 èso gbígbẹ tẹ́ ẹ gún sí lítà omi kan. Kì í pa wọ́n lójú ẹsẹ̀, ó ń mú kí ibẹ̀ sú wọn, oòrùn sì máa ń pa agbára ẹ̀, torí náà ẹ tún un ṣe ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.
4. Eérú igi yí ìdí igi ká, kó má kan èèpo, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tí òjò bá ti rọ̀ sí i, agbára ẹ̀ ti lọ.
5. Tí òkìtì bá wà nínú kọ́ḿpáǹdù, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n wú kó wú u dé ibi tí ìyá ikán wà, tó tóbi bí ìka ọwọ́, tó kàn nà gbalaja sínú yàrá amọ̀ líle. Fífọ́ orí òkìtì nìkan, owó lẹ fi ṣòfò, kò ní pẹ́ tí wọ́n á tún un kọ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ikán tó ń jẹ igi ni kò ní òkìtì kankan, torí náà ẹ má sọ pé ẹ ò rí òkìtì kẹ́ ẹ wá fọkàn balẹ̀.
6. Ẹ pààrọ̀ ọ̀pá tó ti igi. Pákó tútù tẹ́ ẹ rì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, òun ni ikán máa kọ́kọ́ jẹ, wọ́n á wá sọdá sórí igi gangan. Ẹ lo irin tàbí páìpù.

Àgbọn ń fẹ́ ìtọ́jú púpọ̀ ju àwọn tó kù lọ níbí, torí èèpo ara ẹ̀ tó wà lábẹ́ ilẹ̀ dùn mọ́ ikán lẹ́nu. Ẹ má jẹ́ kí ìdí ẹ̀ gbẹ rárá títí á fi ta gbòǹgbò dáadáa.

## Ìjàlọ àti èèrà pupa

Ìjàlọ: ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ tú ewúrẹ́ àti ajá tó wà ní ìso, ẹ ṣí ilé adìyẹ àti ti ehoro, ẹ gbé ọmọ kúrò nílẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá. Ẹran tí kò lè sá ni wọ́n ń pa. Wọn ò jẹ igi, àti ikán àti aáyán tí wọ́n bá bá lọ́nà ni wọ́n máa gbá lọ.

Èèrà pupa tó ń fi ewé kọ́lé: ẹ ronú kẹ́ ẹ tó sun ilé wọn. Wọ́n ń lé eṣinṣin tó máa ń yé ẹyin sínú máńgòrò, èyí tó ń fa ìdin, wọ́n ti ṣèwádìí ẹ̀ dáadáa nínú oko máńgòrò lápá òkè orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n rí i pé igi tí wọ́n wà lórí ẹ̀ kì í ní ìdin tó ti àwọn tí kò ní wọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká èso, ẹ fi eérú pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ẹ fi ọ̀pá já a, kẹ́ ẹ ṣe é kíá. Àmọ́ tí igi náà bá wà lẹ́nu ọ̀nà ilé tàbí níbi tọ́mọ ń ṣeré, tàbí tẹ́ ẹ rí i pé kòkòrò funfun ni wọ́n ń tọ́jú nínú àwọn ewé yẹn, ẹ gé ẹ̀ka tí ilé wọn wà ní òru, ẹ rì í sínú omi ọṣẹ.

## Ẹ fi èyí yẹ ara yín wò

Kẹ́ ẹ tó gbìn ín:

- Mo ti mọ̀ bóyá èèrà ni tàbí ikán
- Kò sí pákó, kùkùté tàbí bébà nínú ilẹ̀
- Mo ti rẹ náílọ́nù sínú omi
- Ìgbẹ́ ẹran mi ti jẹra, kò gbóná mọ́

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn:

- Mo yí ewé wò lẹ́yìn
- Mo hú ìdí igi wò, koríko ò kàn án
- Kò sí ẹ̀ka tó kan ògiri tàbí fẹ́ńsì

## Tí igi ti rọ tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

Ẹ fi èékánná ha èèpo ẹ̀ díẹ̀, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí àwọ̀ ewé tútù lábẹ́ èèpo, ẹ̀mí ṣì wà níbẹ̀, ẹ gé apá òkè tó ti gbẹ, ẹ máa bomi sí i, ẹ fún un ní oṣù kan. Tó bá jẹ́ igi alọ́, ẹ wò ó dáadáa, torí tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ojú ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ nìkan ló ti ń rú, igi tẹ́ ẹ rà kọ́ nìyẹn mọ́, ẹ hú u.

Tó bá ti gbẹ délẹ̀, ẹ fà á tu, ẹ wo gbòǹgbò. Gbòǹgbò tó dúdú tó ń rùn, omi ló pọ̀ jù, ẹ gbé èyí tó ń bọ̀ sórí ebè gíga. Gbòǹgbò tó ká rọ̀rọ̀ bíi pé ó ṣì wà nínú náílọ́nù, ẹ ò tú u dáadáa nígbà tẹ́ ẹ gbìn ín. Èyí tí wọ́n bó èèpo ẹ̀ tí amọ̀ wà lára ẹ̀, ikán ni, ẹ má gbin òmíràn síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ kó gbogbo gbòǹgbò òkú jáde, ẹ fi ihò sílẹ̀ fún oòrùn, ẹ fi igi gbígbẹ kékeré kan rì síbẹ̀ kẹ́ ẹ máa yọ ọ́ wò ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta léra tí amọ̀ ò sí lára ẹ̀, ẹ lè gbin òmíràn.